Olùkọ́ Èdè Níwájú Ẹ̀rọ: Láti Freetown Títí Dé Ayé Ọgbọ́n Àtọwọ́dá

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ OpenAI ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ChatGPT jáde fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rọ tí a ń bá sọ̀rọ̀ tí ó sì ń fèsì ni. Bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé bi í ní ìbéèrè, yóò dáhùn; bí a bá sì fi Yorùbá bi í, yóò fi Yorùbá dáhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn náà a máa tọ́ nígbà mìíràn, a sì máa wọ́ nígbà mìíràn. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń jà ràn-ìn láàárín àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ èdè: nígbà tí ẹ̀rọ ti lè sọ̀rọ̀, kí ni a tún ń wá olùkọ́ fún?

Ìbéèrè náà ti pẹ́ láyé ju ẹ̀rọ tí ó tún un gbé dìde lọ. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹ̀rọ kan ti ń jáde tẹ̀lé òmíràn, tí a sì ń sọ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé olùkọ́ yóò sinmi. Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ ìtàn àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí wò, kí a sì yẹ ìtàn àwọn olùkọ́ tí wọ́n wà ṣáájú wọn wò pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹni tí ń sọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ó kan àwọn ará Kétu, Sábẹ̀ẹ́, Ìdáàṣà, Àjàṣẹ́ àti Atakpamé ju bí ó ti kan àwọn ìyókù lọ, fún ìdí tí yóò hàn níwájú.

1. Ẹnu ènìyàn ni ìwé àkọ́kọ́

Freetown, ní ilẹ̀ Sierra Leone, ni iṣẹ́ kíkọ èdè Yorùbá sílẹ̀ ní àbídí Látìn ti fìdí múlẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú kalẹ̀. Akú ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀. Ní 1828, Hannah Kilham, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Quaker, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà tí a ń sọ ní Freetown jáde, èdè àwọn Akú sì wà lára wọn. Ní 1843, Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ẹni tí a mú lẹ́rú ní 1821 tí a sì dá sílẹ̀ ní 1822, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, ó wàásù ní Yorùbá ní Freetown kan náà.

Ní 1854 ni S. W. Koelle, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì, gbé Polyglotta Africana jáde. Ọ̀rọ̀ èdè tí ó lé ní 150 ni ó kó jọ, láti ẹnu àwọn ènìyàn tí wọ́n lé ní 200. Ohun kan wà nínú ìwé náà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn títí dé ìparí ọ̀rọ̀ yìí. Koelle kò da gbogbo Akú pọ̀ sójú kan. Ó to Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Ifẹ̀, Oǹdó, Yàgbà àti àwọn mìíràn ní ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ènìyàn ni ó jókòó níwájú rẹ̀, ènìyàn a sì máa ní ìlú. Ẹni tí ó ń fún un ní ọ̀rọ̀ ni ó sọ ibi tí òun ti wá fún un.

Crowther pẹ̀lú kò jókòó sójú kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1853, ó rin ìrìn-àjò dé Kétu, Alákétu sì gbà á dáadáa. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn akọ̀wé péjọ sí Èkó ní 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá, ìmọ̀ tí wọ́n gbé wá sórí tábìlì jẹ́ ìmọ̀ tí a ti gbà láti ẹnu dé etí fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

2. Olùkọ́ tí ó gbé èdè ró, olùkọ́ tí ó pa á lẹ́nu mọ́

Kì í ṣe gbogbo olùkọ́ ni ìtàn yóò yìn. Ní Àjàṣẹ́, ní àwọn ọdún 1880, míṣọ́nnárì Kátólíìkì kan tí ń jẹ́ Noël Baudin kọ ìwé gírámà Yorùbá àti ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá àti Faransé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àwọn Faransé ti gba ilẹ̀ Dahomey tí wọ́n sì sọ ọ́ di ara ilẹ̀ wọn ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, èdè kan ṣoṣo ni a gbà láyè nínú ilé-ìwé. Òfin ọdún 1922 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Faransé nìkan ni kí a máa fi kọ́ni.

Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n lọ sí ilé-ìwé nígbà náà kò gbàgbé ohun tí a ń pè ní “symbole.” Ó lè jẹ́ pátákó kékeré, ó lè jẹ́ egungun, ó lè jẹ́ ìkarahun. Ọrùn ọmọ tí a bá gbọ́ èdè ilé rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni a ń so ó mọ́. Ọmọ náà yóò máa gbé e kiri títí yóò fi ká ọmọ mìíràn mọ́ ibi tí ó ti ń sọ èdè ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá parí ni yóò jìyà. Olùkọ́ ni ó ń so ó mọ́ ọmọ lọ́rùn. Ènìyàn ni olùkọ́ náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé èdè tí ó ń fi ìyà jẹ ọmọ nítorí rẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ fi tọ́ ọ.

Nítorí náà, kò tó kí a wí pé olùkọ́ níye lórí nítorí pé ó jẹ́ ènìyàn. Ohun tí ó ń ṣe pẹ̀lú jíjẹ́ ènìyàn rẹ̀ ni a ó fi wọn iye rẹ̀. Olùkọ́ inú ilé-ìwé yẹn ní etí tí ó lè gbọ́ Kétu yàtọ̀ sí Sábẹ̀ẹ́, ó sì fi etí náà ṣe ọlọ́pàá.

Ọ̀nà mìíràn ṣí lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ti ọjọ́ 26, oṣù kẹwàá, ọdún 1972, ìjọba kéde pé òun yóò gbé àwọn èdè orílẹ̀-èdè dìde. Ní 1975 ni a fi àṣẹ gbé ábídí kan ṣoṣo kalẹ̀ fún gbogbo wọn, tí a sì tún un ṣe lẹ́yìn náà. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1990, ní abala kọkànlá rẹ̀, fún gbogbo àwùjọ ní ẹ̀tọ́ láti lo èdè wọn lẹ́nu àti nínú ìwé. Àwọn tí wọ́n sọ àṣẹ wọ̀nyí di ohun tí a lè fojú rí ni àwọn olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní abúlé, tí wọ́n ń kó àgbàlagbà jọ nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko.

3. Ẹ̀rọ tí ó ní ẹnu tí kò ní etí

Ní 1877, Thomas Edison ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tí ó sì tún un sọ. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé ó lè wúlò fún kíkọ́ èdè. Ní 1901, Jacques Roston dá ilé-iṣẹ́ Linguaphone sílẹ̀ ní London láti máa ta ẹ̀kọ́ èdè tí a gbà sórí ẹ̀rọ. Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Ẹ̀rọ kì í sú. Ó lè tún ọ̀rọ̀ kan sọ nígbà ọgọ́rùn-ún láìyí ohùn padà. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣì í pè nígbà ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rọ kò ní mọ̀. Ẹnu ni a fún un, a kò fún un ní etí.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Amẹ́ríkà nílò àwọn tí ó gbọ́ èdè ilẹ̀ òkèèrè kíákíá, wọn kò fi ẹ̀rọ nìkan ṣe é. Láti 1943, wọ́n fi onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kan àti ẹni tí ó ń sọ èdè náà láti kékeré sínú kíláàsì kan náà: ọ̀kan ń ṣàlàyé, èkejì ń sọ, ó ń gbọ́, ó sì ń tún ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti Amẹ́ríkà tẹ̀lé. Ní 1963, ó tẹ ìwé ẹ̀kọ́ Yorùbá kan jáde, tí Earl Stevick àti Ọláléye Àrẹ̀mú kọ. Téèpù bá ìwé náà rìn. Ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tí ó kọ ọ́.

Lẹ́yìn tí àwọn Rọ́ṣíà ti gbé Sputnik lọ sójú òfuurufú ní 1957, Amẹ́ríkà ṣe òfin ní 1958 tí ó fi owó ńlá ra yàrá ẹ̀rọ èdè fún àwọn ilé-ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò jókòó sínú àpótí tirẹ̀, yóò fi ẹ̀rọ sí etí, yóò sì máa tún gbólóhùn sọ. Ìwádìí ńlá kan tí a ṣe ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1970, kò rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lo yàrá ẹ̀rọ fi bẹ́ẹ̀ ta àwọn tí kò lò ó yọ. Àpótí pọ̀, téèpù pọ̀. Ẹni tí ó ń gbọ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wí ni kò pọ̀.

4. Ẹ̀rí láti òkè òkun: Kétu ti Bahia

Kí a tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ ohùn tí a fi pamọ́, ẹ̀rí kan wà tí ó kan àwọn ará Kétu gan-an. Ní ìlú Salvador, ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ni ó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Kétu títí di òní. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ kò ní ìwé, wọn kò sì ní ẹ̀rọ. Síbẹ̀, ìran dé ìran ni wọ́n fi orin, ìkíni àti orúkọ òrìṣà lé ara wọn lọ́wọ́. Kò sí téèpù tí ó tíì pa nǹkan mọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ èdè ojoojúmọ́ kò dúró. Èdè Potogí gba inú ilé, ó gba ọjà, ó gba ilé-ẹjọ́. Ìyàtọ̀ láàárín ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ parẹ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ akọrin ni ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a dá orin kan, tí ó mọ òrìṣà tí ó ni ín, ṣùgbọ́n tí kò mọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ní 1959, Yunifásítì Bahia dá ibùdó ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún ìmọ̀ nípa Áfíríkà àti ìlà-oòrùn ayé, èyí tí ń jẹ́ Centro de Estudos Afro-Orientais. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Ebenezer Látúndé Láṣebìkan, ọmọ Nàìjíríà, ń kọ́ni ní Yorùbá níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé òrìṣà wà lára àwọn tí ó wá jókòó ti ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí wọ́n wá gbà yé ni tí a bá rántí ohun tí wọ́n ti ní. Wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn kan tilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́nu àwọn ará ilé. Ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí yóò sì fèsì ni wọn kò ní. Ìrántí a máa pa ara èdè mọ́. Ìfèsì ni ó ń jẹ́ kí èdè wà láàyè.

5. Tẹlifíṣọ̀n Bouaké

Ẹ̀rọ tí ó tóbi jùlọ tí a tíì fi sí ipò olùkọ́ ní àgbègbè wa kò jìnnà sí Benin. Ní 1971, ìjọba Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n. Bouaké ni ibùdó rẹ̀ wà, UNESCO àti ilẹ̀ Faransé sì wà lára àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́. Kíkọ́ Faransé lẹ́nu ni ó jẹ́ ọ̀kan nínú òpó iṣẹ́ náà. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ dára: olùkọ́ kò tó, àwọn tí ó wà kò gba ẹ̀kọ́ tó, ọmọ sì pọ̀. Bí olùkọ́ dáadáa kan bá sọ̀rọ̀ ní Bouaké, gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ni yóò gbọ́ ọ.

Ọmọ gbọ́ ọ lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ni ó sì gbọ́ Faransé tí ó já gaara láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó wà nínú kíláàsì di ẹni tí ń tan ẹ̀rọ, tí ń pa á, tí ó sì ń sáré tẹ̀lé ohun tí ẹni orí ẹ̀rọ ti wí. Ẹni orí ẹ̀rọ kò lè dúró de ọmọ tí kò tíì yé. Kò lè rí i pé ọmọ ìlà kẹta ti sùn, kò sì lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun lò kò sí ní abúlé yẹn. Owó ètò náà wúwo, inú àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí kò sì dùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, a pa á tì.

Ẹ̀kọ́ Bouaké kò ní kí a kórìíra ẹ̀rọ. Ó fi hàn pé nígbà tí a bá fi owó ra ẹ̀rọ nítorí pé olùkọ́ kò tó, tí a kò sì fi owó kọ́ olùkọ́, àìtó olùkọ́ náà wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti kú.

6. Ẹ̀rọ tí ó ń fèsì

Àwọn ẹ̀rọ tí a ti mẹ́nu bà wọ̀nyí ń tún ohun tí a ti sọ sọ ni. Ìran mìíràn wà tí ó ń fẹ́ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 7, oṣù kìíní, ọdún 1954, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Georgetown àti ilé-iṣẹ́ IBM fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan hàn ní New York. Ẹ̀rọ náà túmọ̀ gbólóhùn èdè Rọ́ṣíà sí Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ 250 àti òfin gírámà 6 ni a sì fi sínú rẹ̀. Àwọn kan sọ pé láàárín ọdún mélòó kan iṣẹ́ ògbufọ̀ yóò parí. Ní 1966, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀, ALPAC, jábọ̀ pé ìtumọ̀ ẹ̀rọ kò yá, kò péye, ó sì wọ́n ju ti ènìyàn lọ. Owó ìwádìí náà gbẹ fún ìgbà pípẹ́.

Ní ọdún 1966 kan náà, Joseph Weizenbaum gbé ELIZA jáde, ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń yí ọ̀rọ̀ ènìyàn padà di ìbéèrè fún ẹni náà. Ètò náà kò mọ nǹkan kan, síbẹ̀ àwọn tí ó bá a sọ̀rọ̀ rò pé ó yé e. Ìyẹn ba Weizenbaum lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Google bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2006, ó sì fi Yorùbá kún un ní oṣù Kejìlá ọdún 2013. Ní 2017 ni a rí ọ̀nà tuntun kan, tí a ń pè ní Transformer, tí àwọn ẹ̀rọ òde-òní dúró lé lórí. Bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti sọ ní ṣókí. A kó ọ̀rọ̀ tí a ti kọ sílẹ̀ jọ lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ̀rọ náà wọn ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan máa ń tẹ̀lé òmíràn àti irú àyíká tí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a bá bi í ní ìbéèrè, ó ń yan èyí tí ó yẹ kó tẹ̀ lé e, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn jókòó yẹ ìdáhùn rẹ̀ wò, wọ́n fi èyí tí ó dára hàn án, wọ́n sì fi èyí tí kò dára hàn án. Àní ẹ̀rọ tí a ní yóò gba iṣẹ́ olùkọ́ náà ní olùkọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fojú tẹ́ńbẹ́lú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú ń tì lè bá a sọ̀rọ̀ lóru láìsí ẹni tí yóò fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó wà ní ìlú òkèèrè tí kò sí Yorùbá kankan lè rí nǹkan fi dá ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ kò rí kà, kò ní. Púpọ̀ nínú Yorùbá tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a kọ láìsí àmì ohùn. Igba, igbá àti ìgbà di ọ̀kan náà níbẹ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ di ọ̀kan náà. Bí a bá sì gbàgbé àmì abẹ́ lẹ́tà, oko yóò dàpọ̀ mọ́ wọn. Òǹkàwé tí ó gbọ́ Yorùbá láti kékeré yóò fi ìmọ̀ ilé dí àlàfo náà. Ẹ̀rọ yóò fi ìṣirò dí i, yóò sì sọ èyí tí ó ṣì pẹ̀lú ìgboyà kan náà tí ó fi sọ èyí tí ó tọ́. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

7. Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ níwájú ẹ̀rọ náà

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwọn Yorùbá-Nàgó ju bí ó ti kan àwọn ìyókù lọ. Ohun tí ẹ̀rọ ń pè ní Yorùbá ni ohun tí a tẹ̀ jáde jùlọ: Bíbélì, ìwé ìsìn, ìwé ìròyìn, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn láti Nàìjíríà. Nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn èdè àgbáyé, Ìdáàṣà, Sábẹ̀ẹ́, Ìṣà, Nàgó àti Ifẹ̀ ti Togo ní orúkọ tiwọn lọ́tọ̀. Nínú àpò ẹ̀rọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ohun tí ó wà lábẹ́ orúkọ wọn. Koelle ní 1854 to àwọn ẹ̀ka-èdè ní ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ ọ̀rúndún kọkànlélógún ń yọ́ wọn pọ̀ sínú ìkòkò kan.

Ẹ wo àkọtọ́ nìkan. Ẹni tí ó kọ́ ìwé ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Kétu ń kọ ɛ, ɔ, sh àti kp, níbi tí akọ̀wé Ìbàdàn ń kọ ẹ, ọ, ṣ àti p. Ọ̀nà méjèèjì tọ́, ìtàn kọ̀ọ̀kan ni ó bí i. Olùkọ́ tí ó mọ ìtàn náà yóò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé bàyìí ni wọ́n ti ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún, bàyìí ni a sì ti ń kọ ọ́ níhìn-ín. Ẹni tí ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo yóò pe ọ̀kan nínú wọn ní àṣìṣe.

Àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá ní ìlú tí ó ti wá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́ Faransé, tí ó rí “é” àti “è” nínú ìwé Yorùbá, yóò rò pé ìró fáwẹ́ẹ̀lì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, bí ó ti rí ní Faransé. Kò mọ̀ pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni àmì náà ń tọ́ka sí. Ẹni náà kan náà tí ó ń pe ìyá rẹ̀ ní “tu” ní Faransé, tí kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, lè sọ fún ìyá àgbà pé “ṣé o jí dáadáa?” Òfin “ẹ” àti “o” wà nínú ìwé, ẹ̀rọ sì lè kà á síta. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí òun náà ti gba ilé-ìwé Faransé kọjá mọ ibi tí àṣìṣe náà ti ń wá kí ó tó dé, ojú ìyá àgbà tí ó yí padà ni yóò sì mú kí akẹ́kọ̀ọ́ má gbàgbé mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Iṣẹ́ kan tún wà tí ó ju àtúnṣe lọ, òun ni láti mọ ohun tí kò yẹ kí a tún ṣe. Bí ọmọ Sábẹ̀ẹ́ bá mú ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ wá sí kíláàsì, olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá àṣìṣe ni tàbí ohùn àwọn baba rẹ̀. Olùkọ́ ayé symbole mọ̀ ọ́n, ó sì fi ìyà jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ tí kò gbọ́ Sábẹ̀ẹ́ rí kò lè mọ̀ ọ́n, yóò sì “tún un ṣe” pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, láìsí pátákó lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Ìyà kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni ọ̀nà méjèèjì lè já sí.

8. Ohun tí ó kù fún ènìyàn

Láti Freetown dé òní, ìtàn náà ń tọ́ka sí ọ̀nà kan. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé, nínú téèpù àti nínú kọ̀ǹpútà, láti ẹnu àti ọwọ́ àwọn ènìyàn tí wọ́n ní ìlú ni ó ti jáde. Ẹ̀rọ tí a fi ran olùkọ́ lọ́wọ́ wúlò, bí ti ọdún 1943 àti 1963. Èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀ kò pẹ́, bí ti Bouaké. Olùkọ́ tí ó sì níye lórí ni èyí tí ó ń gbọ́ ẹnu akẹ́kọ̀ọ́, tí ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, tí ó sì lè dúró níwájú òbí ọmọ láti jẹ́rìí sí ohun tí ó kọ́ ọ.

Nítorí náà, bí owó bá wà láti ná sórí èdè Yorùbá-Nàgó, ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ abúlé ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí a gba ohùn àwọn àgbà Kétu, Sábẹ̀ẹ́, Ìdáàṣà àti Atakpamé sílẹ̀, kí a kọ orúkọ ìlú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn pípé. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ yóò sin kíláàsì lónìí. Bí ẹ̀rọ bá sì fẹ́ kọ́ Sábẹ̀ẹ́ lọ́la, yóò rí ibi tí yóò ti kọ́ ọ. Iṣẹ́ náà kò ṣeé yí padà sẹ́yìn. Bí a bá jẹ́ kí olùkọ́ tán ní abúlé nítorí pé ẹ̀rọ wà, ìran tí ń bọ̀ yóò gbọ́ Yorùbá kan láti ẹnu ẹ̀rọ, kò sì ní sí ẹni tí yóò sọ fún un, tàbí fún ẹ̀rọ náà, pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a ti ń sọ ọ́ ní Kétu.